Rachael Tú Ẹ̀rọ Tí Wọ́n Ti Ta Òróró Sí

Ní Ìjerò, nígbà tí a ṣì wà lábẹ́ Oǹdó, Rachael Ògúnlàdé ló ń kọ́ àwọn ọmọ ní táípù. Obìnrin náà le bí ojú ẹja! Láti ibi ìdáná ló ti ń fetí mọ ẹni tó ṣì í tẹ̀. Àfi bí ilé ẹ̀kọ́ kọ̀ǹpútà kan ṣe ṣí l'Ádó, tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ ń sá lọ síbẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Ó dùn ún wọ eegun.

Ló bá lọ kọ́ kọ̀ǹpútà n'Íbàdàn, ó ra àlòkù kan bọ̀ pẹ̀lú ẹ̀rọ ìtẹ̀wé. Pásítọ̀ ta òróró sí i ní ṣọ́ọ̀ṣì, Rachael sì kéde pé kí àwọn òbí wá ní Sátidé, ẹ̀rọ òun á kọrin, á sì tẹ̀wé.

Sátidé pé, orin bẹ̀rẹ̀, ìtẹ̀wé bá dákẹ́ láàárín ìlà. Akínwálé, bàbá Ẹ̀yínadé tó jẹ́ ọ̀gá láàárín àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀, dìde.

"Tíṣà, Adó lọmọ mi ń lọ o."

Rachael mọ̀ pé bí Ẹ̀yínadé bá lọ, àwọn tó kù á tẹ̀lé e. Ó paná ẹ̀rọ, ó mú sukudiráfà.

Jacob ọkọ rẹ̀ ta gìrì. "Háà! Wọn kì í tú ohun tí wọ́n ti ta òróró sí!"

"Bàbá Abíọ́dún, ṣé wọn ò tíì rì yín bọmi kí dókítà tó la ikùn yín ni?"

Ilé bú sẹ́rìn-ín. Jacob rọra jókòó.

"Yọ káàdì tó ń mú un kọrin dànù," ẹnìkan wí.

"Èmi kọ́!" Rachael ní. "Mi ò ní febi pa ọmọ kan kí èkejì lè yó."

Ó ṣàlàyé fún wọn bó ṣe ń tú u: nọ́ńbà ni ohun kọ̀ọ̀kan fi ń pe ọpọlọ ẹ̀rọ. Ìtẹ̀wé ń fi méje pè, káàdì orin náà ń fi méje pè, ọpọlọ ò mọ ẹni tí yóò dá lóhùn. Ó fa ike kékeré orí káàdì náà kúrò lójú méje, ó tẹ̀ ẹ́ bọ ojú márùn-ún, ó dé ẹ̀rọ padà, ó sì sọ nọ́ńbà tuntun náà fún ètò orin.

Ó tanná. Orin ń lọ, ìtẹ̀wé ń han gooro, ìwé ń jáde. Inú Rachael dùn débi pé ó jó.

Akínwálé yíjú sí ọmọ rẹ̀. Ẹ̀yínadé ti jókòó sídìí ẹ̀rọ.

"Bàbá, ẹ máa lọ ulé," ó ní. "Mo wà lẹ́nu iṣẹ́."