Ìrù Ẹfọ̀n Tó Wà Lẹ́nu Ọ̀nà Bàbá Mi

Kékeré ni mo wà, mi ò tíì lè ru ìkòkò omi láti odò délé láìdà á sílẹ̀, nígbà tí mo ti dá ohùn ìbọn bàbá mi mọ̀ láàárín ìbọn gbogbo ọdẹ ìlú wa. Ẹ̀yin ọmọ, ẹ jókòó dáadáa. Ẹ ti ń bi mí tipẹ́ pé irú ìrù wo ló wà lókè ẹnu ọ̀nà yìí, àti pé kí ló dé tí mi ò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fọwọ́ kàn án. Màá sọ fún yín lónìí, àmọ́ kí ẹnikẹ́ni má sọ fún mi lẹ́yìn rẹ̀ pé kí n dárí jini. Mo ti gbọ́ ìwàásù yẹn títí, etí mi ti di.

Ìlú wa kò jìnnà sí Òrò-Àgọ́, ọ̀nà ibẹ̀ nígbà náà sì rí gbágungbàgun tó bẹ́ẹ̀ tí ẹyin kì í dé ọjà láìfọ́. Igbó ńlá wà yí oko wa ká. Ṣakabùlà ni ìbọn tí àwọn ọdẹ wa ń lò. Wọ́n á da ẹ̀tù sí i lẹ́nu, wọ́n á kó ègé irin wẹ́wẹ́ lé e, wọ́n á fi ọ̀pá kì í mọ́lẹ̀. Bó bá dún, bí ìgbà tí igi gbígbẹ dá ni. Ti bàbá mi yàtọ̀. Òyìnbó kan tó wá wọn ilẹ̀ tí wọ́n fẹ́ la ọ̀nà sí ló fi ta á lọ́rẹ nígbà tó ń lọ, torí bàbá mi ló ń mú un gba inú igbó. Ẹnu ìbọn náà fẹ̀ débi pé àtàǹpàkò mi ń wọ inú rẹ̀ wọ̀ọ̀. Ọta kan ṣoṣo ló ń gbà lẹ́ẹ̀kan. Wàá ṣẹ́ ẹ láàárín, wàá ki ọta náà bọ ìdí rẹ̀, wàá pa á dé. Bí o bá tàsé, kí o tó wá òmíràn kì bọ̀ ọ́, ẹran ti lọ, tàbí kẹ̀ ẹran ti dé ọ̀dọ̀ rẹ.

Ìdí nìyẹn tí bàbá mi fi máa ń sọ pé, "Ẹni tó ní ọta kan kì í kánjú." Ìyá mi ti gbọ́ ọ̀rọ̀ yẹn títí, ó ti há a lórí. Ìyá mi náà ló máa ń fi òrí àti omi gbígbóná wọ́ èjìká rẹ̀ lọ́jọ́ tó bá yin ìbọn náà, torí bó ṣe ń pa ẹran níwájú ló ń gbá ẹni tó yìn ín lẹ́yìn. Èjìká bàbá mi á dúdú fún ọjọ́ mélòó kan, kò sì ní lè gbé ọkọ́. A máa ń fi ṣe yẹ̀yẹ́ pé òun àti ẹran náà ni wọ́n jọ yìnbọn fún ara wọn.

Ẹ má gbàgbé pé ọmọ ìjọ ni bàbá mi. Òun ló ń gbé igbá ọrẹ káàkiri nínú ṣọ́ọ̀ṣì lọ́jọ́ ìsinmi, kò sì fi iṣẹ́ yẹn ṣeré rárá. Láàárín àwọn ọdẹ wa, òfin kan wà: ẹni tó bá pa ẹran ńlá ló máa gé ìrù rẹ̀, ẹni tí ìrù bá sì wà lọ́wọ́ rẹ̀ ló ni ẹran. Kò sí ẹjọ́ níbẹ̀. Àmọ́ wọn kì í ṣàdédé gé e, wọ́n á kọ́kọ́ ké pe Ògún kí ọ̀bẹ tó kàn án. Bàbá mi kì í ké pe Ògún. Bó bá pa ẹran ńlá, á ṣẹ́ ewé lé e lára, á wá pe àwọn àgbà ọdẹ nílé, àwọn á sì bá a gé ìrù náà. Gbogbo ìlú mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ohun tó sọ ọ́ di ẹni ẹ̀sín nìyẹn.

Ọdún tí a gba òmìnira ni, ọdún tí wọ́n fún àwa ọmọ ilé ẹ̀kọ́ ní kọ́ọ̀pù tí wọ́n ya àsíá sí lára. Ẹfọ̀n kan ń da oko wa láàmú, ó ti kan ọkùnrin kan nínú, díẹ̀ ló kù kó kú. Bàbá mi ṣọ́ ọ. Inú oko ẹ̀gúsí ni èmi àti ìyá mi wà ní ọ̀sán ọjọ́ náà nígbà tí ìbọn yẹn dún. Ilẹ̀ mì. Ìyá mi sọ pé, "Ó ti pa á." Kò pẹ́ sí i ni bàbá mi gba ọ̀dọ̀ wa kọjá pẹ̀lú ẹ̀rín lẹ́nu, ó ju ìkarahun ọta tó ṣófo sí mi, nítorí ó mọ̀ pé mo fẹ́ràn láti máa fọn ọ́n bíi fèrè. Ó ń lọ sílé lọ pe àwọn àgbà ọdẹ. Kò tíì lọ jìnnà tí a fi gbọ́ ṣakabùlà kan, pẹ̀ẹ́, láti ọ̀nà ibi tó ti ń bọ̀.

Nígbà tí wọ́n débẹ̀, aládùúgbò wa kan ni wọ́n bá tó jókòó lórí ẹfọ̀n náà. Àkà rẹ̀ fara kan tiwa, ohùn rẹ̀ ló sì dùn jù nínú ẹgbẹ́ akọrin. Ìrù ẹfọ̀n wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó ní bàbá mi yìn ín, ó tàsé, ẹfọ̀n wá kọjú sí òun, ni òun bá yìn ín níwájú orí. Ihò kékeré kan sì wà níwájú orí rẹ̀ lóòótọ́. Bàbá mi ní òun lòun pa á, pé kí wọ́n wo ewé tí òun ṣẹ́ lé e lára. Ewé kankan ò sí níbẹ̀ mọ́, ẹ̀gbẹ́ tí ọta rẹ̀ gbà wọlé ni ẹfọ̀n sì fi dùbúlẹ̀, kò sẹ́ni tó yí i. Olórí ọdẹ bi í ní ìbéèrè kan péré: "Ìrù dà?"

Ìrù kò sí lọ́wọ́ bàbá mi, wọ́n sì dá ẹran fún aládùúgbò wa.

Láti ọjọ́ náà ni ìlú ti ń pe aládùúgbò wa ní Apẹfọ̀n. Bàbá mi wá di Tàsé, èmi di ọmọ Tàsé. Bí mo bá ń pọnmi, àwọn ẹgbẹ́ mi á máa fi ẹnu yìnbọn sí mi lára, wọ́n á ní, "Ó tún tàsé!" Ìyẹn ṣì kéré. Èyí tó dun bàbá mi dé egungun ni pé wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í ráhùn nínú ìjọ pé kò yẹ kí òpùrọ́ máa gbé igbá ọrẹ. Wọ́n gbà á lọ́wọ́ rẹ̀. Ó gbé ìbọn rẹ̀ sí àjà, kò sì bá ọdẹ kankan rìn mọ́. Mo kórìíra ọkùnrin yẹn. Nígbàkigbà tó bá dìde láti dá orin, mo máa ń di ojú mi gbàdúrà pé kí egungun ẹja há a lọ́fun.

Ẹ wá gbọ́ àfojúdi. Nígbà tó ń pín ẹran náà kiri ilé àwọn ọdẹ bí àṣà, ó fi odidi apá ẹfọ̀n kan ránṣẹ́ sí wa, ó ní kí bàbá mi fi gbàgbé. Bàbá mi ní kí wọ́n gbé e fún ajá. Ìyá mi gbé e lọ sẹ́yìn ilé, ó bẹ̀rẹ̀ sí í gé e, ọ̀bẹ rẹ̀ sì kan nǹkan líle. Ó pè mí. Ọta ni, ó ti kan egungun èjìká ẹfọ̀n náà wọlé, iwájú rẹ̀ ti rì sínú egungun, ìdí rẹ̀ yọ síta, ó tóbi tó àtàǹpàkò mi. Bí ọ̀kánjúwà ṣe ń ṣe olówó rẹ̀ nìyẹn: ìkánjú kò jẹ́ kó wo ohun tó ń pín.

Inú mi dùn, mo ní ká gbé e lọ sáàfin lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Bàbá mi wò ó, ó mi orí. Ó ní, "Ti Olúwa ni ẹ̀san."

Ìyá mi dáhùn pé, "Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n bí Olúwa bá fẹ́ gbẹ̀san, èèyàn náà ló máa rán níṣẹ́." Ó yan egungun náà gbẹ lórí iná, ó fi aṣọ wé e, ó gbé e sókè ààrò. Nígbà tí mo bi í pé kí ló ń dúró dè, ó ní, "Kí Apẹfọ̀n gun igi dókè ná, ibẹ̀ ni ìṣubú ti ń dunni."

Ó gùn ún lóòótọ́. Ọdún tí ìjọba yọ wá kúrò lára Àríwá, tí àwa náà di ìpínlẹ̀ tiwa, ni olórí ọdẹ kú, wọ́n sì fi Apẹfọ̀n joyè. Wọ́n pa ayẹyẹ oyè àti ti ìpínlẹ̀ pọ̀ ní pápá ilé ẹ̀kọ́ ìjọ. Àwọn ọmọ ìlú tó wà l'Ékòó wálé. Mo ti di ọmọge nígbà náà, ìkarahun ọta yẹn ṣì wà lọ́rùn mi nínú okùn. Nígbà tí wọ́n ní kí ẹni tó bá ní ẹ̀bùn fún olóyè tuntun gbé e wá, ìyá mi dìde nínú aṣọ ṣọ́ọ̀ṣì rẹ̀. Ó kúnlẹ̀, ó kí i dáadáa, ó gbé ohun tó wé sínú aṣọ lé e lórí itan. Ó ní, "Apá ẹfọ̀n tí ẹ fún wa lọ́jọ́sí, a jẹ ẹran rẹ̀, a ní ká dá egungun padà fún olówó rẹ̀."

Òun fúnra rẹ̀ ló tú u. Ẹ ò bá rí ojú rẹ̀! Ọdẹ tó dàgbà jù gba egungun náà, ó yí i síwá sẹ́yìn, ó béèrè pé ta ló ní ìbọn tó ń jẹ irú ọta yìí. Gbogbo ìlú ló mọ̀ ọ́n. Mo bọ́ ìkarahun ọrùn mi fún un. Ó fi dé ìdí ọta náà, ó sì bá a mu bí ọmọrí ṣe ń bá ìkòkò mu. Lẹ́yìn náà ló ní kí wọ́n gbé ìbọn Apẹfọ̀n wá. Ìka ọwọ́ tó kéré jù ni ẹnu rẹ̀ gbà. Ọdẹ àgbà náà bi í ní ohun tí wọ́n bi bàbá mi: "Ìrù dà?" Wọ́n ní kó lọ mú un nílé, kó sì fi ọwọ́ ara rẹ̀ gbé e fún ẹni tó ni ín.

Bàbá mi ò lọ sí pápá. Ó ń gbẹ́ èèkù ọkọ́ níwájú ilé nígbà tí ọkùnrin náà dé, gbogbo ìlú ló tẹ̀ lé e. Ó dọ̀bálẹ̀. Bàbá mi gba ìrù náà, ó ní, "Dúró síbẹ̀." Ó wọlé, ó gbé ìbọn náà kúrò ní àjà, ó ki ọta tó ṣẹ́kù bọ̀ ọ́. Ọkùnrin yẹn bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún bí ọmọdé, mi ò ní purọ́ fún yín, ẹkún rẹ̀ dùn létí mi ju orin rẹ̀ lọ. Bàbá mi na ẹnu ìbọn kọjá lókè orí rẹ̀, ó yìn ín sí igi máńgòrò tó wà lẹ́yìn ọkùnrin náà, èèpo igi fọ́n ká. Ó wá bi í pé, "Ṣé o gbọ́ ohùn rẹ̀? Ohun tí gbogbo yín gbọ́ lọ́jọ́ yẹn nìyẹn."

Ó kan ìrù náà mọ́ òkè ẹnu ọ̀nà, níbi tí ọkùnrin yẹn gbọ́dọ̀ gbà kọjá bó bá ń lọ soko. Olùṣọ́àgùtàn wá bẹ̀ ẹ́ kó sọ ọ́ kalẹ̀. Bàbá mi ní, "Nígbà tí wọ́n ń pè mí ní òpùrọ́, mi ò rí yín." Wọ́n dá igbá ọrẹ padà fún un, kò gbà á. Aládùúgbò wa ò lè fara dà á, ó kó lọ sí ọ̀nà Ṣàárè, ibẹ̀ ló kú sí.

Ayé ti yí. Igbó yẹn ti di oko kaṣú, kò sí ẹfọ̀n mọ́, ẹ̀yin ọmọ yìí gan-an ń bi mí bóyá ìrù màlúù ni. Ìbọn náà wà nínú yàrá, ó ti dípẹtà, kò sẹ́ni tó ń ta irú ọta rẹ̀ mọ́. Kò sì sẹ́ni tó ń béèrè ìrù lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Lóde òní, ẹni tó bá kọ́kọ́ pariwo ló ni ẹran, àwọn èèyàn á sì bá a pariwo.

Ọmọ Apẹfọ̀n máa ń wálé láti Èkó lọ́dọọdún, á ra búrẹ́dì wá kí mi. Ọmọ dáadáa ni. Nígbà tó wá kẹ́yìn, ó wo òkè, ó ní, "Ìyá, ìrù yìí ti fẹ́ já bọ́. Ẹ jẹ́ ká sọ ọ́ kalẹ̀, kí ọ̀rọ̀ àwọn bàbá wa parí." Mo dúpẹ́ búrẹ́dì, mo ní kó bá mi gbé àga wá. Inú rẹ̀ dùn. Ó gbé e wá, ó dì í mú gírígírí kí n má baà ṣubú. Mo gun orí àga, mo fa okùn tuntun yọ nínú aṣọ mi, mo sì so ìrù náà padà mọ́ ìṣó rẹ̀.