Ìyẹ̀fun Inú Agolo Abẹ́rẹ́

Abẹ́rẹ́ ni wọ́n ń pe ọkọ mi látìgbà tó ti ń kọ́ṣẹ́ télọ̀, torí pé ó tín-ín-rín nígbà náà. Ẹ wá wò ó lẹ́yìn ọgbọ̀n ọdún! Tí ṣòkòtò bá fún un, ìdí ẹ̀rọ ìránṣọ ló máa gbé e lọ. Á tú u, á fi aṣọ kún un, á tún un rán, á wá ní, "Ìyàwó, ara mi ò yí padà rárá." Ẹ má bínú pé mi ò pè é ní "wọ́n" fún yín o. Èmi tí mò ń fọ ṣòkòtò yẹn látìgbà tó ti kéré, mo lẹ́tọ̀ọ́ sí i.

Àjà kẹrin ni ṣọ́ọ̀bù ẹ̀ wà. Fèrèsé ńlá mẹ́ta ló wà níbẹ̀, kò lè ṣèèṣì fi òwú dúdú rán aṣọ búlúù láéláé. Ó fẹ́ràn yàrá yẹn jù mí lọ, mo sì ti gbà bẹ́ẹ̀. Àfi lọ́jọ́ kan tí èémí ẹ̀ kúrú ní àjà kejì, ló bá jókòó dí àtẹ̀gùn, ó ń mí hẹlẹ-hẹlẹ. Ibẹ̀ ni lánlọ́ọ̀dù bá a. Ó ní, "Abẹ́rẹ́, tọ́dún bá yí, ìsàlẹ̀ ni màá gbé ẹ sí." Ìsàlẹ̀ kẹ̀! Yàrá ẹ̀yìn jẹnẹrétọ̀ tí kò ní fèrèsé kankan! Ọkọ mi ò jẹun lọ́jọ́ náà.

Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin tó jẹ́ nọ́ọ̀sì ní kò sí àbùjá kankan téèyàn bá fẹ́ dín ara kù. "Ẹ máa gun àtẹ̀gùn yẹn lójoojúmọ́, díẹ̀díẹ̀. Ẹ jẹ ẹ̀wà, ẹ̀fọ́, ẹja, ẹyin àti èso. Ẹ fún un lọ́dún kan." Ọdún kan? Ọkọ mi yọ ṣùtì. Ó lọ ra ìyẹ̀fun alágolo kan tí wọ́n ya ọkùnrin oníṣan gàǹgà-gàǹgà sára ẹ̀. Ṣíbí méjì láràárọ̀, ọgbọ̀n ọjọ́ péré, ó parí!

Mo ka ohun tí wọ́n fi ṣe é, mi ò lè pe ìdajì. Mo bá da gbogbo ẹ̀ nù. Mo yan ẹ̀wà sóyà, mo lọ̀ ọ́ kúnná, mo rọ ọ́ sínú agolo, mo dé e pa. Mo wá sọ fún un pé wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ pé kì í ṣiṣẹ́ lára ẹni tí kò bá gun àtẹ̀gùn. Jígí ìkàwé ẹ̀ wà ní ṣọ́ọ̀bù, kò rí nǹkan kan kà.

Lọ́sàn-án, màá gbé oúnjẹ ẹ̀ dé ìsàlẹ̀, màá fi fóònù pè é pé, "Orúnkún ń dùn mí, ẹ wá gbà á." Irọ́ gbuu! Á sọ̀ kalẹ̀, á tún gùn ún padà. Nígbà tí ọgbọ̀n ọjọ́ pé tí ikùn ò yẹsẹ̀, inú bí i, ó ní òun ò ṣe mọ́. Mo ní, "Ẹ jẹ́ ká parí agolo yìí ná." Agolo wo ló fẹ́ tán? Tó bá ti ń lọ sílẹ̀, màá tún lọ sóyà kún un. Nígbà tó di oṣù kẹsàn-án, ó ti ń dín ṣòkòtò kù, ó sì ń súfèé.

Ọdún yí, lánlọ́ọ̀dù dé. Ọkọ mi gbé odidi róòlù aṣọ sí èjìká, ó ní, "Ẹ jẹ́ ká jọ gòkè, sà." Mo tẹ̀ lé wọn. Ní àjà kẹta, lánlọ́ọ̀dù dìrọ̀ mọ́ irin àtẹ̀gùn. Ìgbà tó fi máa wọ́ dé òkè, ọkọ mi ti ṣí fèrèsé mẹ́tẹ̀ẹ̀ta.

"Yàrá ẹ ni, má lọ ibì kankan," lánlọ́ọ̀dù fi agbára káká sọ ọ́. "Àmọ́ kí lò ń lò?"

"Ẹ bi ìyàwó mi, sà. Òun ló ń lọ̀ ọ́."

Háà! Mo ní, "Ẹ ti mọ̀?"

"Láti ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́. Òórùn sóyà yíyan gba gbogbo ilé, o rò pé imú mi náà ló sanra ni?"

"Kí ló wá dé tẹ́ ẹ ò sọ̀rọ̀?"

Kò wojú mi. "Láàárọ̀ ọjọ́ kejì tí mo ní mi ò ṣe mọ́, mo jí, mo gbọ́ tó ò ń lọ̀ ọ́ ní kíṣìnì. Ojú tì mí láti jáwọ́."

Mo gba róòlù aṣọ tó ṣì wà ní èjìká ẹ̀, mo gbé e sídìí fèrèsé, mo sì kẹ̀yìn sí wọn kí wọ́n má baà rí ojú mi.