Ijó Ẹni Méjì Níwájú Ṣọ́jà

Mo rántí ìgbà tí òórùn pákó tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ là máa ń wọ̀ mí láṣọ, débi pé màámi á bi mí pé, "Ṣé ibi tí wọ́n ti ń kọ́ ọ ní táípù náà ni wọ́n ti ń la pákó ni?" Mà á rẹ́rìn-ín, mà á ní ilé ẹ̀kọ́ náà wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwọn káfíńtà. Ìdajì òtítọ́ ni. Ọ̀dọ̀ àwọn káfíńtà ni mò ń lọ lóòótọ́, ní Pápá Àjàó, àmọ́ kò sí ẹ̀rọ ìtẹ̀wé kankan níbẹ̀. Gbọ̀ngán kékeré kan ló wà lẹ́yìn ìsọ̀ wọn, tí wọ́n fi páànù bo orí rẹ̀, ilẹ̀ rẹ̀ jẹ́ sìmẹ́ńtì lásán, ibẹ̀ sì ni ẹgbẹ́ oníjó wa ti ń ṣe ìdánrawò nírọ̀lẹ́. Ẹni ọdún méjìlélógún ni mí nígbà náà, mo ń ṣe tíṣà ní ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan ní Yábàá. Bàbá mi jẹ́ òṣìṣẹ́ ìjọba, ọ̀kan lára àwọn tó ń gbé àwo ọrẹ káàkiri ní ṣọ́ọ̀ṣì Áńgílíkà wa ní Súrùlérè. Mo ti fi dá ara mi lójú pé láyé yìí, yàtọ̀ sí bàbá mi, kò sí nǹkan tó lè dẹ́rù bà mí. Mo máa ń sọ ọ́ jáde pàápàá, kí àwọn ẹlẹgbẹ́ mi lè gbọ́.

Ọ̀gá wa, ọkùnrin pẹ́lẹ́ńgẹ́ kan tó ti kọ́ṣẹ́ ijó lókè òkun, ló bá ọ̀gá ẹgbẹ́ oníjó kan ní Lómé ṣe àdéhùn. Wọ́n á mú ẹnì kan láti ọ̀dọ̀ tiwọn, àwa náà á mú ẹnì kan, kí àwọn méjèèjì jọ ṣẹ̀dá ijó tuntun kan tí kì í ṣe ti ìlú ẹnì kankan tẹ́lẹ̀. A ó kọ́kọ́ jó o ní Èkó, lẹ́yìn náà a ó lọ jó o ní Lómé. Nígbà tó yàn mí, inú mi dùn débi pé mi ò ronú bí mo ṣe máa ṣàlàyé ìrìn àjò náà nílé.

Arábìnrin kan ni àwọn ará Lómé rán wá. Ó ga, ara rẹ̀ le dáadáa, ó sì jù mí lọ díẹ̀, nítorí náà Àǹtí ni mò ń pè é. Kò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì, èmi náà ò gbọ́ Faransé. Àmọ́ ìyá rẹ̀ ń tajà lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwọn Yorùbá kan lọ́jà Lómé, ibẹ̀ ló ti he ìwọ̀nba Yorùbá tó mọ̀, gbogbo rẹ̀ ló sì jẹ́ ti ọjà. Tí mo bá mú ẹsẹ̀ ijó kan wá tí kò tẹ́ ẹ lọ́rùn, á mi orí, á ní, "Ó ti wọ́n jù." Tó bá wù ú, á fọwọ́ gbá itan, á ní, "Mo mú un!" Bí a ṣe ń ná ijó náà títí tó fi ń di odindi nìyẹn.

Ijó ẹni méjì tí wọ́n jọ wà lójú ọ̀nà ni. Ọ̀kan ń sá lọ, èkejì ń fà á padà, lẹ́yìn ìgbà díẹ̀ wọ́n á pààrọ̀. Ibì kan wà nínú rẹ̀ tí mo ní láti gun itan rẹ̀ dúró, kí n kọ ẹ̀yìn sí i, kí n wá ṣubú sẹ́yìn láìbojú wò, kó sì gbé mi. Gbogbo nǹkan tó kù ni mo mọ̀ ọ́n ṣe. Èyí nìkan ni kò ṣeé ṣe. Tó bá ti tó àsìkò láti ṣubú, ọrùn mi á yí padà fúnra rẹ̀ láti wo ẹ̀yìn. Mo sọ fún ọ̀gá pé ọrùn ló ń dùn mí. Mo tiẹ̀ fi róòbù pa á kó lè gbà mí gbọ́. Àǹtí ò bínú. Á kàn gbé mi sọ̀ kalẹ̀, á wò mí lójú, a ó sì tún bẹ̀rẹ̀.

Ibi tí a bá ijó náà dé nìyẹn nígbà tí rédíò ń kọ orin ológun láàárọ̀ ọjọ́ kan. Àwọn ṣọ́jà kan fẹ́ fipá gbàjọba, kò sì bọ́ sí i fún wọn. Kó tó di ọ̀sán, wọ́n ti kéde kónílé-ó-gbélé, wọ́n ti ti gbogbo ẹnubodè, wọ́n sì ní kí ẹni tó bá rí àjèjì tí ìrìn rẹ̀ kò mọ́ lọ sọ. Ilé ọ̀gá wa ni Àǹtí ń gbé, ọ̀gá sì ti rìnrìn àjò lọ sí Òkè Ọya látọjọ́ méjì, kò rí ọ̀nà padà wálé. Mo sáré lọ síbẹ̀. Mo bá a lórí àpótí ní kọ̀rọ̀ yàrá, ó ti di aṣọ rẹ̀ sínú báàgì, kò sì mọ ibi tó fẹ́ gbé e lọ. Mo dì í lọ́wọ́ mú. A gba ẹ̀yìnkùlé dé ẹ̀yìnkùlé títí a fi dé Súrùlérè.

Ní gbogbo ojú ọ̀nà yẹn, ẹ̀rù ohun tí màá sọ fún bàbá mi ba mí ju ti àwọn ṣọ́jà lọ. Ẹ ò rí i pé mi ò tíì gbọ́n. Bàbá mi jókòó ti rédíò, ó wo àlejò, ó wo báàgì rẹ̀, ó wá wò mí.

"Ta nìyí?"

"Ẹnìkejì mi ni, sà. A jọ ń jó ni."

"Ń jó? Níbo?"

Mo kúnlẹ̀, mo sọ gbogbo rẹ̀. Màámi káwọ́ lérí. "Tí wọ́n bá wá bá a nílé wa ńkọ́? Ẹ ò gbọ́ ohun tí wọ́n ń sọ ni?"

Bàbá mi dín ohùn rédíò kù. "Ọmọ ẹnì kan ni," ó ní. "Ẹ fún un lómi, kó fi wẹ ẹsẹ̀."

Báyìí la ṣe ń gbé pẹ̀lú fèrèsé títì. Tí mọ́tò bá rọra kọjá lójú títì, gbogbo wa á dákẹ́. Màámi á gbé ìkòkò kúrò lórí iná kó má baà máa pariwo. Àǹtí ò lè jẹun. Ó wá fi ọwọ́ ṣàlàyé fún mi pé páásípọ́ọ̀tù òun wà nínú aṣọ ìdánrawò tí òun gbé kọ́ sí gbọ̀ngán. Mo fẹ́ lọ nìkan, àmọ́ kò jẹ́ kí n dá lọ. Nígbà tí wọ́n dẹ kónílé-ó-gbélé díẹ̀, a jáde lọ́sàn-án gangan, a fẹsẹ̀ rìn dé Pápá Àjàó.

Páásípọ́ọ̀tù náà wà níbẹ̀. Bí Àǹtí ṣe fi í sí àyà báyìí ni ìró ayùn àwọn káfíńtà dákẹ́ lójijì níta, gbogbo rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Mo mọ̀ kí ilẹ̀kùn tó ṣí.

Ṣọ́jà mẹ́ta ni. Èyí àgbà, sájẹ́ǹtì kan tí Yorùbá rẹ̀ jọ ti ará Ìlọrin, dúró sẹ́nu ọ̀nà. "Wọ́n ní àwọn kan máa ń ṣèpàdé níbí, wọ́n ń sọ èdè tẹ́nì kan ò gbọ́."

"Kì í ṣe ìpàdé, sà. Oníjó ni wá."

"Ijó? Nírú àsìkò yìí?" Ó yíjú sí Àǹtí. "Ìwọ, ibo lo ti wá?"

Àǹtí lanu, Faransé ló jáde. Èyí tó kéré jù nínú wọn gbé ìbọn rẹ̀ sókè. "Ọ̀gá, na spy be dis o!"

"Èmi ni mo mú un wá, sà," mo ní. "Ilé wa ló ń gbé. Èmi àti ẹ̀ la jọ wà."

Àǹtí yọ páásípọ́ọ̀tù náà láyà. Sájẹ́ǹtì gbà á, ó ṣí i, ó pa á dé, ó sì fi sápò. "Oníjó ni yín? Ẹ jó o, kí n rí i."

Kò sí orin. A bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ìró ẹsẹ̀ wa nìkan lórí sìmẹ́ńtì. Nígbà tí Àǹtí fà mí, mi ò mọ̀ bóyá ijó ni tàbí ó fẹ́ ṣubú. Ní ibi tó yẹ kó ti pààrọ̀ pẹ̀lú mi, ó dúró gbagidi. Ó ti gbàgbé. Mo rí ẹnu ìbọn lẹ́gbẹ̀ẹ́ ojú rẹ̀. Mo sún mọ́ ọn, mo sọ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ sí i létí pé, "Mo mú un." Ojú rẹ̀ padà wálé. Ó tẹ orúnkún, mo gun itan rẹ̀, mo kọ ẹ̀yìn sí i.

Itan rẹ̀ ń gbọ̀n lábẹ́ mi. Mo mọ̀ dájú pé kò lè gbé mi. Mo sì mọ̀ pé tí mo bá yí ọrùn, wọ́n á rí i pé a ò mọ ohun tí à ń ṣe. Mo di ojú, mo ṣubú.

Ó gbé mi. Àmọ́ orúnkún rẹ̀ yẹ̀, àwa méjèèjì jókòó gbì sílẹ̀, èmi lórí itan rẹ̀, tí ó fi apá méjèèjì dè mí mọ́ra. Mo ń gbọ́ bí ọkàn rẹ̀ ṣe ń lù kìkìkì lẹ́yìn mi. A ò lè dìde.

Sájẹ́ǹtì sún mọ́ wa. "Ṣé ibi tó parí sí nìyẹn?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà." Kò parí síbẹ̀ rárá.

"Èwo nínú yín ló ń sá?"

"Mi ò mọ̀, sà."

Ó yọ páásípọ́ọ̀tù náà lápò, ó tẹ̀ ẹ́ lé mi lọ́wọ́. "Ẹ lọ sílé. Ẹ má jẹ́ kí n tún bá yín níbí." Wọ́n jáde. Ó pẹ́ kí ẹnì kankan tó tún fa ayùn níta.

Nígbà tí wọ́n ṣí ẹnubodè, ọ̀gá wa ti dé. Ó ní kí a jó ijó náà fún òun, ó sì ní kí a fi ìjókòósílẹ̀ yẹn parí rẹ̀. A jó o ní gbọ̀ngán ilé ìwé kan ní Yábàá. Bàbá mi jókòó sẹ́yìn pátápátá pẹ̀lú fìlà rẹ̀ lórí orúnkún, ó sì lọ kó tó di pé wọ́n tan iná. Oṣù tó tẹ̀ lé e, òun fúnra rẹ̀ ló sìn mí dé ibi tí mo ti wọkọ̀ lọ sí Lómé. Nígbàkúùgbà tí a bá jó o, tó bá ti ku díẹ̀ kí n ṣubú, ọrùn mi á tún fẹ́ yí padà bíi ti ọjọ́ àkọ́kọ́. Kò fi mí sílẹ̀ títí mo fi fi ijó sílẹ̀.

Ọdún mélòó kan sẹ́yìn, Àǹtí wá kí mi. Ogbó ti dé sí wa, Yorùbá rẹ̀ sì ti dán. A jókòó sí bàrándà, a ń sọ̀rọ̀ nípa àwọn ọmọ wa, ló bá ní, "Ṣé o mọ̀ pé ìbọn yẹn kọ́ ló bà mí lẹ́rù jù? Ìwọ lò ń bà mí lẹ́rù. Mo rò pé wàá ní o ò mọ̀ mí rí."

Àwọn èèyàn tó gbọ́ ìtàn yìí máa ń sọ pé mo láyà, mo sì ti fìgbà kan jẹ́ kí wọ́n máa sọ bẹ́ẹ̀. Àmọ́ mo ti ronú padà sí gbọ̀ngán yẹn lọ́pọ̀ ìgbà láti ọjọ́ tó ti sọ ọ́. Mo wá inú ara mi kiri. Ọ̀rọ̀ pé n kò mọ̀ ọ́n rí kò wá sí mi lọ́kàn rárá, kì í ṣe pé ó wá tí mo sì gbé e sọ nù. Ẹ̀rù ló bà mí débi tí mi ò fi rántí pé ènìyàn lè sọ bẹ́ẹ̀. Mo sì ń dúpẹ́ títí dòní pé ẹ̀rù náà pọ̀ tó bẹ́ẹ̀.