Ooru Kọ́ Ló Ń Mú Màmá Mi

Ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi, ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ sí mi pẹ̀lú màmá mi. Ó ti pẹ́ tó ti wà lọ́kàn mi, mo sì mọ̀ pé yóò ṣe ẹnì kan láǹfààní.

Ìdímù là ń gbé. Aránṣọ ni mí, màmá mi sì jẹ́ ìyá ìjọ nínú ìjọ aláṣọ funfun. Nígbà tí jẹjẹrẹ ọyàn mú màmá mi, wọ́n gbà á pẹ̀lú ìgbàgbọ́, a sì ń lọ sí ọsibítù déédéé.

Níbo wá ni wàhálà wà? Ẹnu wa ni! Bí dókítà bá ti béèrè bóyá ó ń dùn wọ́n, màmá mi á ní àwọn dúpẹ́, ara ti ń le. Bí wọ́n bá tiẹ̀ lọ́ra díẹ̀, èmi gan-an á ti bá wọn dáhùn. Ṣé ẹ mọ bí wọ́n ṣe tọ́ wa dàgbà? A kì í fẹnu ara ẹni pe àìsàn. Dókítà á kọ oògùn ara ríro tí wọ́n ń tà ní kẹ́míìsì fún wa, a ó dúpẹ́, a ó máa lọ sílé.

Nílé, màmá mi kì í sùn lórí bẹ́ẹ̀dì mọ́. Orí àga pálọ̀ ni wọ́n ń jókòó sí títí ilẹ̀ á fi mọ́. Wọ́n ní ooru ló ń mú àwọn. Èmi ọlọ́gbọ́n, mo lọ ra fáànù oníbátìrì ní Ìkọ̀tún! Mo tún ń fi yangàn fún àwọn kọ́sítọ́mà mi pé mò ń tọ́jú ìyá mi.

Lọ́jọ́ kan ní ọsibítù, nọ́ọ̀sì àgbà kan ló dá wa lóhùn. Kò béèrè bóyá ó ń dùn wọ́n rárá. Ó fa àga sún mọ́ wọn, ó ní kí ni wọ́n máa ń ṣe tẹ́lẹ̀ tí wọn kò lè ṣe mọ́. Mo ti lanu láti fèsì, ó ní kí n jọ̀ọ́ dúró ná, ìyá lòun ń bá sọ̀rọ̀.

Màmá mi wá sọ ọ́ jẹ́jẹ́: "Mi ò lè dùbúlẹ̀ mọ́, ọmọ mi. Tí mo bá ti fẹ̀yìn lélẹ̀, ńṣe ni ẹ̀gbẹ́ mi ń jó bí iná. Mi ò kàn fẹ́ kí Bísí mọ̀ ni."

Èmi Bísí rèé o! Mo bú sẹ́kún níbẹ̀.

Nọ́ọ̀sì náà bi wọ́n bóyá wọ́n ń sọ fún Ọlọ́run pé ó ń dùn wọ́n. Wọ́n ní àwọn ń sọ. Ó ní, "Ẹ bá wa sọ fún dókítà náà, mà."

Ọjọ́ yẹn ni dókítà kọ mọ́fíìnì olómi, oògùn ìrora tó lágbára gan-an, fún wọn. Ẹ̀rù tún bà mí, mo ní ṣé kò ní di bárakú? Dókítà fara balẹ̀ ṣàlàyé pé ìrora wọn le ju oògùn kékeré lọ, pé àwọn yóò máa ṣọ́ bó ṣe ń ṣe lára wọn, kí n má ṣáà fi kún un, kí n má sì dín in kù fúnra mi.

Kò pẹ́ tí màmá mi fi padà sórí bẹ́ẹ̀dì. Wọ́n sùn, wọ́n tún ń hanrun! Inú mi dùn débi pé mo jókòó ń gbọ́ ọ.

Màmá mi ti lọ sinmi báyìí. Mi ò ní purọ́, àìsàn náà ló mú wọn lọ. Ṣùgbọ́n oṣù mẹ́rin tó gbẹ̀yìn yẹn, wọ́n jẹun, wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n bá mi jà lórí iyọ̀ ọbẹ̀. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run, mo sì dúpẹ́ lọ́wọ́ nọ́ọ̀sì yẹn.

Ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ á bá a dákẹ́. Kí èèyàn sọ ibi tó ń dùn ún kì í ṣe àìnígbàgbọ́ rárá. Ṣé irú èyí ti ṣẹlẹ̀ sí ẹ̀yin náà rí? Kí ni ẹni yín fi pa mọ́ fún yín, báwo lẹ sì ṣe mọ̀? Ẹ sọ tiyín fún wa, jàre. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ sì ní aláìsàn nílé, ẹ lọ béèrè lọ́wọ́ wọn lónìí, kí ẹ wá dákẹ́, kí wọ́n fẹnu ara wọn dáhùn.