Pèrègún Ìyá Mi Létí Omi

Èmi kì í ṣe ènìyàn tí í wọ igbó fún ìgbafẹ́. Àwọn tó bí mi wọ igbó kí wọ́n lè jẹun, wọ́n sì rán mi lọ sí ilé-ìwé kí n má baà wọ̀ ọ́ mọ́. Nítorí náà, nígbà tí lẹ́tà àwọn tó ń tọ́jú igbó dé sí ilé mi ní Ìkọ̀lé pé kí n wá bá àwọn mélòó kan rìn létí omi, kí a lọ wo bí igbó ti ń padà sí ipò rẹ̀, mo kọ́kọ́ fẹ́ fi bírò pupa fi àmì ohùn sórí gbogbo ọ̀rọ̀ inú rẹ̀, kí n sì dá a padà fún ẹni tó kọ ọ́. Ìlà tó kẹ́yìn ni kò jẹ́ kí n ṣe bẹ́ẹ̀. Wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ pé, lẹ́yìn ìrìn náà, olórí ẹbí wa yóò fọwọ́ sí ìwé pé gbogbo ilẹ̀ wa létí omi ti di ti igbó.

Olórí ẹbí tí wọ́n ń wí ni àbúrò mi, ọmọ bàbá mi. Ìyá tèmi ni ìyàwó àgbà. Ìyá tirẹ̀ ni ìyàwó kejì. Mo fi ọdún mẹ́fà jù ú lọ. Nítorí pé ó jẹ́ ọkùnrin, òun ni wọ́n fi jẹ olórí lé mi lórí, mo sì gbà, nítorí ẹni tó kàwé kì í bá àṣà jà lójú agbo. Ṣùgbọ́n gbogbo ilẹ̀ wa kọ́ ni tirẹ̀.

Kí ibẹ̀ tó di etí omi, oko iṣu ni, lẹ́yìn Ẹ̀dá-Oníyọ̀, níbi tí òkè olókùúta ti sọ̀ kalẹ̀ lọ sí odò. Nígbà tí bàbá wa rí i pé agbára òun ń dín kù, ó pín in sí méjì. Ó fi apá kan fún ìyá mi àtèmi, ọmọ kan ṣoṣo tó bí. Ó fi èkejì fún ìyá àbúrò mi àti àwọn ọmọ rẹ̀. Bí a ti í pààlà nílẹ̀ wa, pèrègún ni a gbìn sí i. Ẹni tó bá mọ pèrègún mọ̀ pé ó ṣòro láti pa: bí a bá gé e tí a fi igi rẹ̀ gúnlẹ̀, yóò hù, bí a bá bẹ́ ẹ nídìí, ìdí yóò tún rú. Ìdí nìyẹn tí àwọn bàbá wa fi sọ ọ́ di ẹlẹ́rìí. Mo wà ní Sítáńdáàdì Kẹfà nígbà náà. Bàbá ní èmi tí mo mọ ìṣirò ni kí n fi ẹsẹ̀ wọn ilẹ̀ náà, ìṣísẹ̀ mẹ́wàá mẹ́wàá láàrin igi kan sí èkejì. Àbúrò mi ni ó ru àwọn igi náà lórí tẹ̀lé mi, tí ó ń sunkún pé wọ́n ń gún òun lọ́rùn. Mọ́kànlá ni wọ́n. Èyí àkọ́kọ́ wà lẹ́bàá àpáta ńlá kan tó dà bí ẹran tó kúnlẹ̀; èyí tó kẹ́yìn wà nísàlẹ̀, ní ibi tí ilẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀ sí í rọ̀.

Lẹ́yìn ọ̀pọ̀ ọdún, ìjọba sé odò náà. Omi gòkè, ó gbé oko àwọn ẹlòmíràn mì, ó wá dúró ní ìwọ̀nba ìṣísẹ̀ díẹ̀ sí pèrègún tó kẹ́yìn. Òkè wa di èbúté olókùúta, tí ìgbì ń lù. Kò sí ẹni tó tún dáko níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ní ọ̀sẹ̀ tí ìyá mi kú, ó di ọwọ́ mi mú, ó ní, “Má jẹ́ kí wọ́n da ilẹ̀ mi pọ̀ mọ́ tiwọn. N kò bá wọn da ìkòkò pọ̀ nígbà tí mo wà láàyè.” Mo ṣèlérí fún un. Ìlérí yẹn ni mo gbé lọ síbi ìrìn náà, kì í ṣe ìfẹ́ ẹyẹ.

Mo wọ mọ́tò láti Ìkọ̀lé dé Ọ̀yẹ́, mo tún wọ òmíràn dé Iye, ibẹ̀ ni mo ti gun ọ̀kadà, mo sì jókòó sí ẹ̀gbẹ́ kan bí ó ti yẹ obìnrin.

Ọlọ́kadà ní, “Màmá, ẹ dì mí mú o.”

Mo ní, “Mo ti di ara mi mú láti ọjọ́ tí wọ́n bí mi. Ìwọ máa wojú ọ̀nà.”

Àtíbàbà kan ni wọ́n kọ́ sẹ́nu ọ̀nà igbó náà. Wọ́n to òdòdó sẹ́nu ọ̀nà rẹ̀, pèrègún sì wà lọ́tùn-ún àti lósì, tí igi wọn nípọn tó apá àgbàlagbà. Mo rò ó nínú ara mi pé pèrègún yìí dàgbà ju àtíbàbà lọ. Mo rò ó, mo sì gbójú kúrò. Mo ti ń bá ara mi wí nítorí ìyẹn láti ọjọ́ náà.

Àwa márùn-ún ni a pé: èmi, àbúrò mi, Alhájì kan láti Ìtàjí tí omi gba ìdajì oko rẹ̀, àti tọkọtaya kan láti Iye tí wọn kò sọ ju gbólóhùn mẹ́ta lọ títí a fi parí. Ọ̀dọ́mọbìnrin kan tó wọ ṣòkòtò káákì ni afinimọ̀nà wa. Ó kúnlẹ̀ kí mi, mo fún un ní máàkì fún ìyẹn.

Ó ní, “Ẹ káàbọ̀, mà. Ṣé ẹ ó lè rìn ín? Àpáta ibẹ̀ máa ń yọ̀.”

“Ọdún mẹ́tàdínlógójì ni mo fi dúró níwájú kíláàsì. Máa lọ, mo ń bọ̀ lẹ́yìn rẹ.”

Àbúrò mi rẹ́rìn-ín. Ahọ́n Èkìtì wa ni ó máa ń fi bá mi sọ̀rọ̀ tí ó bá fẹ́ kí àwọn ènìyàn rò pé mo ti gbàgbé ilé. “Ẹ̀gbọ́n, uṣẹ́ tíṣà ò tíì tán lára yín. Bàtà ṣọ́ọ̀ṣì lẹ wọ̀ wá sínú ugbó.”

“Ó sàn kí n wọ bàtà ṣọ́ọ̀ṣì wọ igbó,” ni mo dá a lóhùn, “ju kí n wọ ìwà igbó lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì.”

Alhájì pàtẹ́wọ́. A gbéra.

N kò ní parọ́ pé ibẹ̀ kò lẹ́wà. Òjò àkọ́rọ̀ ti rọ̀, afẹ́fẹ́ ń ti orí omi bọ̀, ìgbì sì ń fọ́ mọ́ àwọn àpáta tí èmi pẹ̀lú ìyá mi ti ń sá èlùbọ́ lé lórí rí. Igi afàrà ti ga kọjá orí wa níbi tí ebè iṣu wà tẹ́lẹ̀. Ọ̀dọ́mọbìnrin náà fi ẹsẹ̀ ẹtu hàn wá nínú ẹrẹ̀, ó fi àtíòro méjì hàn wá tí wọ́n ń fò kọjá lórí omi pẹ̀lú ariwo bí ẹni tó ń fa ilẹ̀kùn tí kò ní epo. Lẹ́yìn náà ni ó fi ihò ọ̀yà hàn wá.

Alhájì ní, “Háà! Ọ̀yà tó jẹ iṣu mi tán lẹ wá ń fi hàn mí bí ẹni fi ọba hàn àlejò. Ṣé kí n dọ̀bálẹ̀ fún un ni?”

Ọ̀dọ́mọbìnrin náà rẹ́rìn-ín, ó sì ṣe àlàyé òfin wọn fún wa. Ó ní ohun tí ènìyàn gbìn ni àwọn ń kó kúrò, ìbáà ṣe kòkó tàbí obì, kí ilẹ̀ lè rí àyè. “Ṣùgbọ́n ohun tí ilẹ̀ bá fúnra rẹ̀ hù, a kì í fọwọ́ kàn án. Bó bá hù báyìí, a ó so aṣọ pupa mọ́ ọn. Ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ gé e mọ́.” Ìdì aṣọ pupa náà wà nínú àpò rẹ̀.

A dé ibi àpáta tó kúnlẹ̀. Mo yí sí ọ̀tún láti rí pèrègún àkọ́kọ́. Kò sí. Mo wo ìsàlẹ̀ títí dé omi. Koríko ẹ̀kan àti igbó nìkan ni mo rí. Ara mi tutù bí ẹni tó wọlé tí kò bá ìjókòó kankan nínú yàrá.

Mo bi afinimọ̀nà pé, “Pèrègún tó wà níbí ńkọ́?”

“Èyí tó wà lẹ́nu ọ̀nà àtíbàbà wa nù un, mà. Àwọn òṣìṣẹ́ wa ló gé wọn lọ gbìn síbẹ̀. Bàbá ló fi wọ́n hàn wá,” ó fi ọwọ́ méjèèjì tọ́ka sí àbúrò mi bí ẹni ń dúpẹ́. “Wọ́n ní òdòdó tí wọ́n fi ṣe oko lọ́ṣọ̀ọ́ láyé àtijọ́ ni.”

Òdòdó. Ọmọ tí igi náà gún lọ́rùn ni ó pè é ní òdòdó.

Ọdọọdún, ní Ọjọ́rú Eérú tí ààwẹ̀ Lẹ́ńtì ń bẹ̀rẹ̀, àbúrò mi a máa jókòó sí ìlà iwájú ní ìjọ wa. Bí wọ́n bá ka ègún lé ẹni tó ń ṣí ààlà ẹlòmíràn, ohùn tirẹ̀ ni ó máa ń ròkè jù nínú àwọn tó ń ṣe Àmín. Mo rán an létí rẹ̀ níwájú gbogbo wọn, n kò sì rẹ ohùn mi sílẹ̀.

Ó ní, “Ẹ̀gbọ́n, ugbó ti jẹ ẹ́. Ta ló ń wá ààlà nínú ugbó?”

“Èmi ni.”

“Fún ta? Ẹ kò bímọ. Ẹ kò ní ọmọ ọmọ. Ta lẹ fẹ́ fi ilẹ̀ sílẹ̀ fún? Fún ọ̀yà?”

Alhájì sọ pé, “Ó tó, ó tó, ẹ jọ̀ọ́.” Ìyàwó ará Iye wolẹ̀. Ó ti pẹ́ tí àbúrò mi ti ń fi ọ̀rọ̀ yẹn pamọ́ sẹ́nu. Mo rí i lójú rẹ̀ pé sísọ tí ó sọ ọ́ dùn mọ́ ọn. Agboòrùn tí mo mú lọ́wọ́ ni mo fi ya ẹ̀kan sí méjì nítòsí àpáta, kí n lè ní ohun tí ojú mi yóò máa wò.

Ibẹ̀ ni mo ti rí kùkùté. Àdá ni wọ́n fi gé e. Wọn kò hú u. Ẹ̀ka mẹ́ta ti rú ní ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, ewé wọn gùn, ó sì ń dán.

Mo pe afinimọ̀nà náà. “Wá síbí. Dúró dáadáa. Kí ni èyí?”

“Pèrègún ni, mà.”

“Ta ló gbìn ín?”

Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ wò ó. “Kò sẹ́ni tó gbìn ín, mà. Ó fúnra rẹ̀ rú ni.”

“Kí ni òfin yín wí nípa ohun tí ilẹ̀ fúnra rẹ̀ hù?”

Ó wo àbúrò mi, ó wò mí. Mo ti rí irú ojú yẹn lára ẹgbàágbèje ọmọ tó mọ ìdáhùn tí wọn kò sì fẹ́ sọ ọ́. Mo dúró. N kò ràn án lọ́wọ́.

Ó ní, “A kì í fọwọ́ kàn án.” Ó fa aṣọ pupa kan yọ, ó sì so ó mọ́ ọn.

“Ó dára. Tẹ̀lé mi.”

Mo bẹ̀rẹ̀ sí í ka ìṣísẹ̀. Ẹsẹ̀ àgbà kì í ṣe ẹsẹ̀ ọmọ Sítáńdáàdì Kẹfà, nítorí náà mo sọ ìṣísẹ̀ mẹ́wàá di méje. Ní ìṣísẹ̀ keje, mo fi agboòrùn wá ilẹ̀, mo sì rí èkejì. Ó so aṣọ mọ́ ọn. A rí ẹ̀kẹta, a rí ẹ̀kẹrin. Ní ẹ̀karùn-ún, Alhájì ti ń bá wa wá a, ó ń fi ọ̀pá rẹ̀ ya koríko, ó ń ké pé, “Òun rèé! Òun rèé!” bí ẹni tó ń dọdẹ. Ìlà aṣọ pupa sì ń sọ̀ kalẹ̀ láti orí òkè, ó tọ́ bí èyí tí a fi rúlà fà.

Nígbà tí a dé ìkẹjọ, mo rí i pé àbúrò mi ti kúrò lẹ́yìn wa. Ó ti lọ sísàlẹ̀, ó jókòó létí omi, ó dojú kọ ìgbì bí ẹni tó rẹ̀, ó sì tẹ́ agbádá rẹ̀ sílẹ̀ yípo ara rẹ̀. Mo rò pé ìtìjú ni. A rí ìkẹsàn-án. A rí ìkẹwàá. Mo ka ìṣísẹ̀ méje, ìkeje sì gbé mi dúró síwájú àbúrò mi gan-an.

A wo ara wa. Òun nìkan ló kù láyé, yàtọ̀ sí mi, tó mọ̀ pé mọ́kànlá ni wọ́n. Bí wọ́n bá dúró sí mẹ́wàá, ààlà kò ní dé ìsàlẹ̀, gbogbo etí omi, níbi tí igbó ti dára jù, ì bá di tirẹ̀ láti fọwọ́ sí.

Mo ní, “Dìde.”

“Ẹsẹ̀ ń dùn mí.”

“Dìde lórí ilẹ̀ ìyá mi.”

Ó dìde. Pèrègún náà ti tẹ̀ lábẹ́ agbádá, ewé kan ti ṣẹ́, ṣùgbọ́n ó wà láàyè. Ọ̀dọ́mọbìnrin náà so aṣọ pupa tó kẹ́yìn mọ́ ọn.

Ìwé kan ni wọ́n tẹ̀ sílẹ̀ de àbúrò mi ní àtíbàbà lọ́jọ́ náà. Mo ní kí wọ́n fà á ya, kí wọ́n kọ méjì. Mo ka tèmi láti òkè dé ìsàlẹ̀, mo tún àṣìṣe mẹ́rin ṣe nínú rẹ̀, mo sì fọwọ́ sí i pé kí igbó gba ilẹ̀ náà, ilẹ̀ ìyá mi, pẹ̀lú orúkọ ìyá mi lórí rẹ̀ àti pèrègún mọ́kànlá tí ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ gé. Alhájì fi ojú bi mí pé kí ló wá dé tí mo fi jà, nígbà tó jẹ́ pé igbó náà ni yóò gbà á. Ohun tí mo bá fi tọrẹ, ọwọ́ tèmi ni ó gbọ́dọ̀ ti jáde.

Èmi àti àbúrò mi ṣì ń jókòó sí ìjọ kan náà. Ní Ọjọ́rú Eérú tó tẹ̀lé e, nígbà tí wọ́n dé orí ègún ààlà, mo tẹ́tí sílẹ̀ gidigidi. N kò gbọ́ ohùn rẹ̀. Tèmi ni mo gbé sókè.