Kọ̀ǹpútà Àgbà Lórí Tábìlì Iṣẹ́-Abẹ

Gbogbo àdúgbò ló ń pe ọkùnrin náà ní Bàbá Tíátà, àlejò tí kò bá sì mọ ìtàn rẹ̀ a máa béèrè eré tí ó ti ṣe rí. Kò ṣe eré kankan. Yàrá iṣẹ́-abẹ ilé-ìwòsàn, tí àwọn dókítà ń pè ní tíátà, ni ó hu ewú sí: òun ni í fọ tábìlì, òun ni í to àwọn irin, òun ni í tẹ́ aṣọ, òun náà ni í gbé aláìsàn sí ipò tí dókítà fẹ́. Nígbà tí gbogbo nǹkan bá ti pé, á sún sẹ́yìn, á dúró ti ògiri. Títí ó fi fẹ̀yìn tì, ọ̀bẹ kò kan ọwọ́ rẹ̀ àfi nígbà tí ó bá ń fọ̀ ọ́.

Ọmọbìnrin kan ṣoṣo tí òun àti Màmá, ìyàwó rẹ̀, bí ń gbé ní ìlú òkèèrè. Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ, ọmọ tí wọ́n retí títí tí ìrètí fi fẹ́ di ìtìjú. Ó tẹ̀ wọ́n láago pé òun ti fi àwòrán ọmọ ránṣẹ́ sí àpótí lẹ́tà wọn lórí kọ̀ǹpútà. Àpótí lẹ́tà wà. Ọ̀nà ibẹ̀ ni kò sí. Kọ̀ǹpútà ilé wọn ti dàgbà, kò sì ní módẹ́ẹ̀mù, ìyẹn káàdì tí í jẹ́ kí ẹ̀rọ gba inú wáyà tẹlifóònù bá ayé sọ̀rọ̀. Ibi tí wọ́n ti ń fi kọ̀ǹpútà yá ènìyàn lò sì wà ní àjà kẹta, orúnkún Màmá sì ti búra pé òun kò gun àtẹ̀gùn mọ́.

Bàbá ra módẹ́ẹ̀mù, ó ránṣẹ́ sí alátùn-únṣe ẹ̀rọ pé kí ó wá fi í sínú rẹ̀. Alátùn-únṣe ní òun ń bọ̀. Ọ̀rọ̀ náà kò ní ẹsẹ̀.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ tí alátùn-únṣe dá, Bàbá tẹ́ aṣọ funfun sórí tábìlì ìjẹun. Ó ti kó gbogbo ohun tó wà nínú ẹ̀rọ náà sórí díìsì, kí aláìsàn má baà jí kó má rántí orúkọ ara rẹ̀. Ó yọ wáyà iná. Ó tú ìdè ẹ̀yìn, ó ṣí ìbòrí, ó fi búrọ́ọ̀ṣì kékeré gbá eruku ọ̀pọ̀ ọdún kúrò. Ó fọwọ́ kan irin ara àpótí náà, nítorí iná tíntìntín tí í sá pamọ́ sára ènìyàn lè pa káàdì. Ihò kan péré ló bá módẹ́ẹ̀mù mu, káàdì àtijọ́ kan tí kò wúlò mọ́ sì jókòó sínú rẹ̀ bí ayálégbé tí kò fẹ́ kó jáde. Bàbá yọ ọ́. Yíyọ, lójú tirẹ̀, ìpalẹ̀mọ́ ṣì ni. Lẹ́yìn náà ó sún sẹ́yìn, ó dúró ti ògiri.

Aago tẹlifóònù dún. Ó gbé e, ó gbọ́ ọ̀rọ̀ inú rẹ̀, ó gbé e sílẹ̀.

“Ta ni?” Màmá béèrè.

“Alátùn-únṣe ni. Ó ní ó di oṣù tó ń bọ̀.”

“Oṣù tó ń bọ̀! Ọmọ á ti máa sáré kí n tó rí i.”

“Ìyá àgbà, ṣe sùúrù.”

“Sùúrù ni mo fi bí ìyá rẹ̀. Kí ló kù tí ẹ ò tíì ṣe?”

“Kò ku nǹkan kan. Gbogbo ẹ̀ ti pé.”

“Tí gbogbo ẹ̀ bá ti pé, ta lẹ wá ń dúró dè?”

Dókítà ni. Ọ̀rọ̀ náà dé ẹnu Bàbá, ó gbé e mì.

“Tó bá fọ́ mọ́ mi lọ́wọ́ ńkọ́? A ò ní rí ọmọ náà nìyẹn.”

“Bá a ṣe jókòó yìí ńkọ́, ṣé a rí i ni?”

Bàbá kúrò lára ògiri. Ó fi ìka mú módẹ́ẹ̀mù létí, ó gbé e lé ihò, ó tẹ̀ ẹ́. Káàdì kọ̀.

“Kò wọlé.”

“Ẹ tì í.”

“Mò ń tì í. Pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ ni wọ́n ní kí—”

“Pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́! Lọ́jọ́ tí mò ń rọbí, ṣé pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ ni agbẹ̀bí ní kí n máa tì í?”

Ẹ̀rín bọ́ lẹ́nu Bàbá, agbára sì bá ẹ̀rín náà wọ àtàǹpàkò rẹ̀. Káàdì dún kẹ́ú. Àwọn méjèèjì gbójú sókè, bí ìgbà tí àwo bọ́ lọ́wọ́ ènìyàn tí kò tíì bojú wolẹ̀. Nígbà tí Bàbá tẹ orí ba, káàdì ti jókòó dáadáa, kò sí ohun tó ṣẹ́.

Ó dé ìbòrí, ó so wáyà iná àti ti tẹlifóònù. Lẹ́yìn ìdánwò mélòó kan, ẹ̀rọ náà han bí ológbò tí wọ́n tẹ̀ nírù, ó sì balẹ̀; ọ̀nà àpótí lẹ́tà là. Àwòrán bẹ̀rẹ̀ sí í wọlé láti òkè, díẹ̀díẹ̀: irun, iwájú orí. Ó dúró.

“Orí ti yọ,” Màmá wí.

Bàbá na ọwọ́ sí ẹ̀rọ náà. Màmá gbá ọwọ́ rẹ̀ padà.

“Ẹ fi sílẹ̀, kó jáde fúnra ẹ̀.”

Ojú ọmọ náà méjèèjì ló yọ tẹ̀lé e, ní pípadé, lẹ́yìn náà ni imú gbòòrò kan tí kò sí ẹni tó máa bi í pé ọmọ ta ni.

“Imú yín lẹ lọ gbé lé e lójú yẹn,” Màmá wí, ó ń fi etí aṣọ nu ojú. “Ọmọ ọlọ́mọ ò mà ṣẹ̀ yín o.”