Ìbọn Ṣakabùlà Tí Mo Fọ̀

Búrẹ́dì tí mo rà ní Sábó láàárọ̀ yìí ń rùn bíi kẹrosíìnì. Mo jẹ ẹ́ náà ṣá, torí ẹni tí ebi ń pa kì í bá búrẹ́dì ṣẹjọ́, ṣùgbọ́n mo kùn títí mo fi jẹ ẹ́ tán. Ọ̀rẹ́, òórùn yẹn ló gbé mi padà sí ọjọ́ tí mo fi kẹrosíìnì wẹ ìbọn.

Ìbọn bàbá mi ni. Nígbà tí wọ́n kú, a bá a lókè àjà, nínú àpò ìrẹsì: ṣakabùlà gígùn kan, ìdí rẹ̀ dúdú bí ìdí ìkòkò, ìyẹ́ ẹyẹ lẹ̀ mọ́ ọn lára. Ọmọ ẹ̀gbọ́n bàbá mi, tí a jọ jẹ́ ẹgbẹ́, ní bàbá òun ló ni ín, pé bàbá mi kàn yá a ni. Ó ní kí n gbé e wá. Kì í ṣe pé mo fẹ́ fi pa nǹkan kan o. Adìyẹ gan-an ń lé mi. Ṣùgbọ́n bí ìbọn yẹn bá lọ, fọ́tò kan ló kù tí mo ní lára bàbá mi, wọ́n sì dijú nínú ẹ̀.

Èmi tí mo kàwé dé fọ́ọ̀mù tú, mo ní bí mo bá fọ ìdọ̀tí kúrò, màá rí orúkọ òyìnbó tó ṣe é, bóyá orúkọ ẹni tó rà á pẹ̀lú. Mo fi kẹrosíìnì àti kànìnkànìn bó o láti àárọ̀ dọ̀sán. Ó mọ́ bí àwo ìyàwó tuntun. Orúkọ kankan ò sí níbẹ̀.

Ni èmi àti mọ̀lẹ́bí mi yìí bá gbé e lọ sọ́dọ̀ bàbá alágbẹ̀dẹ kan ní Òkèrèwè, tí ìdílé wọn ti ń rọ ìbọn fún ọdẹ látọjọ́ pípẹ́, kí wọ́n bá wa mọ ẹni tó ni ín. Bàbá gbóòórùn ìbọn, wọ́n wò mí.

"Ta ló fọ èyí?"

"Èmi ni, sà."

"Ẹ̀jẹ̀ gbogbo ẹran tí ẹni tó ni ín pa lo fọ̀ dànù yẹn. Ara ìbọn lọdẹ ti ń fi ẹ̀jẹ̀ kọ iye ẹran tó pa sí. Ìwé mélòó lo kà?"

"Fọ́ọ̀mù tú, sà."

"Ó hàn."

Mọ̀lẹ́bí mi rẹ́rìn-ín títí ó fi di ògiri mú. "Ọ̀mọ̀wé, ẹ kú iṣẹ́!"

Bàbá yí ìbọn padà. Wọ́n fi ibi tí iná ti ń ràn mọ́ ẹ̀tù ìbọn hàn wá: apá òsì ló wà. Apá ọ̀tún ló máa ń wà, kí iná má baà ta sójú ẹni tó ń yìn ín. Wọ́n ní bàbá àwọn ló gbé e sódì bẹ́ẹ̀ fún ọlọ́wọ́ òsì kan. Wọ́n kọjú sí mọ̀lẹ́bí mi.

"Ọwọ́ wo ni bàbá tìẹ ń lò?"

Ẹ̀rín ti tán. "Ọ̀tún ni, sà."

"Bàbá tèyí ló ni ín. Èmi ni mo ń fi ẹwìrì fínná lọ́jọ́ tí a rọ ọ́ fún un."

Bàbá mi kẹ̀? Ẹni tó fi pàṣán nà mí nítorí pé mo fi ọwọ́ òsì gba ẹran lọ́wọ́ àlejò? Lójú ayé, ọ̀tún ni bàbá mi fi ń jẹun, ọ̀tún ni wọ́n fi ń kí ènìyàn. Inú igbó nìkan, níbi tí ẹnikẹ́ni ò sí, ni wọ́n ti ń fún òsì láyè. Ohun tí àwọn àgbà ti nà kúrò lára wọn ni àwọn náà ń nà kúrò lára mi, kí aráyé má baà bú mi. Láti ọjọ́ yẹn, bí mo bá rántí pàṣán náà, kì í ta mí bíi tẹ́lẹ̀. Àánú bàbá mi ló máa ń ṣe mí.

Mọ̀lẹ́bí mi fúnra rẹ̀ ló gbé ìbọn lé mi lọ́wọ́. Bí a ti ń dìde, mo bi bàbá alágbẹ̀dẹ léèrè ìdí tí bàbá mi ò fi kúkú fi ọ̀tún yìnbọn, bí wọ́n ti ń fi í ṣe gbogbo nǹkan yòókù.

"Ó gbìyànjú ẹ̀ lẹ́ẹ̀kan," ni bàbá wí. "Ewúrẹ́ àna rẹ̀ ló pa."